Ẹrù Ni Kí A Kọ́kọ́ Wọ̀n: Bí A Ṣe Ń Dán Mọ́tò àti Díráìfù Wò Nínú Kọ̀ǹpútà Kí A Tó Rà Wọ́n

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ iná, ẹ̀yin ọ̀gá tó ń wé kọ́ìlì mọ́tò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin ìyá oní-gààrí tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá jókòó tì wá. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọkọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Èkó o. Mọ́tò iná ni, èyí tó ń yí ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́, tó ń lọ ata, tó ń fa omi jáde nínú ilẹ̀. Mo fẹ́ kí a jọ wo bí a ṣe lè mọ̀, kí a tó ná kọ́bọ̀, bóyá mọ́tò tí a fẹ́ rà, díráìfù (ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò) tí a fẹ́ so mọ́ ọn, àti iná tí a fẹ́ fi bọ́ ọ yóò lè bá ara wọn gbé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. Wọ́n pè mí sí ilé gààrí kan ní ìletò kan lápá Ìbàràpá. Mọ́tò họ́ọ̀sì mẹ́wàá, ìyẹn 7.5 kW, ló ń yí ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ wọn. Láàárín òjò kan péré, kọ́ìlì rẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀mejì. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA tí wọ́n fi owó àjọ rà kò sì lè gbé e dìde rárá. Bí wọ́n bá ti tẹ súwíìṣì, jẹnẹrétọ̀ á tẹrí ba, gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná, mọ́tò á máa kùn láìyí. Àwọn kan ti sọ fún ìyá tó jẹ́ olórí wọn pé àfi kó lọ ra jẹnẹrétọ̀ tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ní. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí a bá ti fà tu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá sun ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nílẹ̀, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Mo wo òkìtì ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ kan ló ń bàjẹ́ yẹn.

Kí ló fà á? Mọ́tò yẹn, bó bá ń ṣiṣẹ́ tòun ti ẹrù rẹ̀ lórí iná féèsì mẹ́ta 400 V, nǹkan bí 15 A ló ń fà. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣàdédé tan án láti ìdúró, ìlọ́po mẹ́fà sí méje ló ń fà kó tó gba eré. Ẹ pè é ní 95 A. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA, ẹ pín in dáadáa, gbogbo ohun tó lè gbé lórí féèsì kọ̀ọ̀kan kò ju 29 A lọ. Ẹni tó lè ru àpò kan ni a ń di àpò mẹ́ta lé lórí yẹn. Fóltéèjì á wó lulẹ̀, bí fóltéèjì bá sì ti wó, ipá tí mọ́tò fi ń yí á wó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìlọ́po ara fóltéèjì ló ń tẹ̀ lé. Iná tó bá bọ́ sí ìlàjì, ipá ìyí á bọ́ sí ìdámẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi ń kùn láìyí.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan níbí ń sọ nínú ara wọn pé kí a fi sítà-délítà tan án. Ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ibi ni mo ti lò ó. Ìdámẹ́ta ló máa ń dín ohun tí mọ́tò ń fà kù sí. 95 A á di nǹkan bí 32 A, ó ṣì ju ti jẹnẹrétọ̀ yẹn lọ. Èyí tó wá burú ni pé ipá ìyí náà á di ìdámẹ́ta. Bí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá tan án, kò ní gbéra.

Ibi tí díráìfù ti wọlé nìyí. Àwọn míì ń pè é ní ínfátà, àwọn míì ń pè é ní VFD. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti yé èèyàn. Ó gba iná féèsì mẹ́ta wọlé, ó sọ ọ́ di iná DC, irú ti bátìrì. Bí iná tó wọlé bá jẹ́ 400 V, DC yẹn á súnmọ́ 566 V. Ó tọ́jú u sínú kapásítọ̀. Súwíìṣì mẹ́fà tí kò ní apá tó ń rìn, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á wá gé DC yẹn wẹ́wẹ́, wọ́n á tún un tò di féèsì mẹ́ta tuntun. Iná NẸ́PÀ, 50 Hz ni láàárọ̀, 50 Hz ni lálẹ́; Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ sókè-sódò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti díráìfù, iye tí a bá fẹ́ ni. Eré mọ́tò sì ń tẹ̀ lé Hz yẹn ni: mọ́tò tó ní òpó òòfà mẹ́rin, pápá òòfà inú rẹ̀ ń yí ní 1,500 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan bí iná bá jẹ́ 50 Hz, 750 bó bá jẹ́ 25 Hz. Rótọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú mọ́tò, máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn pápá òòfà náà, ìdí tí ẹ fi ń rí 1,440 lára pátákó mọ́tò, tí kì í ṣe 1,500. Ìfàsẹ́yìn díẹ̀ yẹn ló ń bí ipá. Bí rótọ̀ bá bá pápá òòfà dọ́gba pátápátá, kò ní sí ipá kankan mọ́. Mikhail Dolivo-Dobrovolsky ló ṣe irú mọ́tò onírótọ̀ alágọ̀ yìí fún féèsì mẹ́ta ní Jámánì lọ́dún 1889, ọmọ rẹ̀ náà sì ni ẹ ń wé kọ́ìlì rẹ̀ títí dòní.

Òfin kan tí ẹni tó bá fẹ́ lo díráìfù kò gbọdọ̀ gbàgbé: bí a bá ń dín Hz kù, a gbọ́dọ̀ máa dín fóltéèjì kù pẹ̀lú rẹ̀. 400 V fún 50 Hz, 8 V fún Hz kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Bí a bá fi 400 V sórí 25 Hz, irin inú mọ́tò á yó òòfà kọjá ààlà, á sì gbóná jọ̀ọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà 8 yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ó wá kù bí a ṣe ń yan ohun tí a fẹ́ lò. Ohun tí mo ń rí káàkiri ni pé orí mọ́tò làwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní họ́ọ̀sì mélòó? Wọ́n á rà á, wọ́n á wá máa wá ẹrù tó máa gbé. Bẹ́ẹ̀ bí ẹrù bá ṣe tóbi tó ni à ń ká òṣùká rẹ̀. Ẹrù ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kí ẹrù sọ irú mọ́tò, kí mọ́tò sọ irú díráìfù, kí díráìfù wá sọ irú iná.

Ẹrù kò sì jọra. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyí tó ń fi abẹ̀bẹ̀ ti omi, kì í dènà mọ́tò nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Bí eré bá ti ń pọ̀ ni ẹrù ń pọ̀. Bí ẹ bá dín eré rẹ̀ sí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, agbára tó ń jẹ á bọ́ sí nǹkan bí ìlàjì, nítorí ìlọ́po mẹ́ta ara eré ló ń tẹ̀ lé: 0.8 lọ́nà 0.8 lọ́nà 0.8. Ẹ̀rọ ìgbẹ́rùsókè, ẹrù rẹ̀ kì í yí padà, eré kéré, eré pọ̀, ìwúwo kan náà ni. Ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ ló le jù láti mọ̀ nínú àwọn tí mo ti bá pàdé, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń ti ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́ ló ń pinnu ẹrù rẹ̀. Ẹ ò lè rí i nínú ìwé. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ dúró tì í.

Fún mọ́tò Ìbàràpá yẹn, ìṣirò ipá ìyí rẹ̀ rọrùn: 9,550 lọ́nà 7.5, pín in sí 1,440, á fún yín ní nǹkan bí 50 Nm (Nm ni a fi ń wọn ipá ìyí). Ohun tó lè fi tọkàntọkàn ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú kọ̀ǹpútà. Àfarawé ni mo ń pe iṣẹ́ yìí lédè wa: a ó kọ mọ́tò, díráìfù, ẹrù àti iná sílẹ̀ bí ìṣirò, kọ̀ǹpútà á wá máa bi ìṣirò yẹn léèrè ní ìṣísẹ̀ kékeré-kékeré pé, ní báyìí ńkọ́? ní báyìí ńkọ́? Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè wa nìyí. Mọ́tò tó bá jóná nínú kọ̀ǹpútà, a kò ní ra bàbà láti fi wé e.

Ìṣirò tó jẹ́ ìyá gbogbo wọn kò ju ìlà kan lọ. Ipá tí mọ́tò mú wá, yọ ipá tí ẹrù fi ń dènà kúrò; ohun tó bá ṣẹ́ kù ló ń sọ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ohun tó ń yí bá ṣe wúwo tó, tí ìwúwo rẹ̀ sì jìnnà sí àárín tó, ni eré rẹ̀ ṣe máa pẹ́ kó tó pọ̀. Lẹ́tà J ni wọ́n fi ń kọ ìwúwo ìyí yìí. Ìlù irin tó ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ àti rótọ̀ mọ́tò, mo ṣírò wọn pọ̀ sí 0.6. Bí mo bá fẹ́ kí ó gba eré tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, 0.6 lọ́nà 151 (eré 1,440 yẹn, bí a bá sọ ọ́ di rédíánì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), pín in sí 6: 15 Nm péré ni mo nílò láti gbé e dìde nígbà tó bá ṣófo. Ẹ ò rí i pé kò tó ìdámẹ́ta agbára mọ́tò.

Apá tó ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni iná inú mọ́tò fúnra rẹ̀. Féèsì mẹ́ta ló ń lọ sókè-sódò, rótọ̀ ń yí, gbogbo nǹkan ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wò ó báyìí. Bí ẹ bá dúró sẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn méjì tó ru igi kọjá lọ, ojú yín á máa tẹ̀ lé wọn, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn já. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn rìn, tí ìrìn yín bá dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, ẹ ó máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó sójú kan. Edith Clarke fi ọ̀nà kan sílẹ̀ láti sọ féèsì mẹ́ta di méjì nínú ìṣirò. Robert Park ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1929, ní Amẹ́ríkà: ó ní kí a kúrò lẹ́bàá ọ̀nà, kí a bá rótọ̀ yí. Ìgbì tó ń lọ sókè-sódò á di nọ́ńbà méjì tó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí Felix Blaschke ti Siemens gbé ọ̀nà tí díráìfù fi ń darí mọ́tò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà méjì yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀kan fún òòfà, èkejì fún ipá, mọ́tò lásán wa wá ń gbọ́ràn bí mọ́tò DC. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó wà níjòkòó, Clarke yẹn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè másítà nínú ìmọ̀ iná mànàmáná ní MIT, lọ́dún 1919. Iṣẹ́ yìí kò sọ pé ti ọkùnrin lòun.

Irinṣẹ́ kò wọ́n. Ẹni tó bá ní Simulink, kó lò ó. Ẹni tí kò ní, Scilab àti OpenModelica wà lọ́fẹ̀ẹ́, Python náà sì lè ṣe gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní. Bí súwíìṣì díráìfù bá ń gé iná ní 4,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìgé kan kò ju ìdá 250 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ìṣísẹ̀ kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kí ó tó lè rí i dáadáa. Ẹ má fi irú ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ wo bí ìlù ṣe ń gba eré fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà. Kọ̀ǹpútà yín á sùn síbẹ̀. Ẹ gbàgbé ìgé súwíìṣì nígbà yẹn, ẹ lo fóltéèjì tó jẹ́ ìpíndọ́gba rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ bí kapásítọ̀ tàbí súwíìṣì ṣe ń gbóná, ẹ padà sí ìṣísẹ̀ kékeré, kí ẹ fi wo ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá.

Mo ṣe àfarawé ti ilé gààrí yẹn, ó dára, mo yọ̀. Mo ní kí wọ́n ra díráìfù. Ọjọ́ kìíní tí a tan án, ó gbéra wẹ́rẹ́, gbogbo ilé hó yèè. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, díráìfù gé iná kúrò fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀, ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó gé e lẹ́ẹ̀kẹta. Mo jókòó sórí àpótí kan, mo ń wo àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn ni mo wá rí i. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró mú omi, wọ́n kàn ń pa ẹ̀rọ, ẹ̀gẹ́ á há sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, wọ́n á tan án tòun ti ẹ̀gẹ́ tó há yẹn. Nínú àfarawé mi, ìlù tó ṣófo ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo kọ iṣẹ́ sílẹ̀ láì bi àwọn tó ń ṣe é léèrè. Àṣìṣe mi ni, ó sì dùn mí gan-an, nítorí àwọn yẹn ni wọ́n pàdánù ọjọ́ kan.

Mo so òṣùwọ̀n ìwọ̀n mọ́ apá irin kan, mo fa ìlù tí ẹ̀gẹ́ há sí nínú títí tó fi yẹ̀. Nǹkan bí 60 Nm ló gbà. Mọ́tò wa, 50 Nm ni. Mo fi 60 yìí sínú kọ̀ǹpútà, ó ṣe ohun tó ṣe lójú mi gẹ́lẹ́: ó kọ̀ láti gbéra. Ìdí rẹ̀ ni pé ní Hz kékeré, òfin 8 V yẹn kò tó mọ́, nítorí bàbà inú kọ́ìlì ń jẹ lára fóltéèjì kékeré tó wọlé, ohun tó kù fún òòfà kò nílááárí. Nígbà tí mo yí díráìfù sí ọ̀nà Blaschke, tí mo jẹ́ kí ó fúnni ní ìdajì lé lórí agbára mọ́tò fún ìgbà díẹ̀, 75 Nm jáde, ìlù gbéra. Ọ̀pọ̀ díráìfù oníṣẹ́ líle ni wọ́n ṣe láti lè gba irú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni jẹnẹrétọ̀. Wọ́n rò pé bí mọ́tò bá ń fa 22 A láti inú díráìfù, jẹnẹrétọ̀ náà ń mú 22 A wá ni. Rárá o. Agbára ni jẹnẹrétọ̀ ń san, agbára sì ni ipá lọ́nà eré. Nígbà tí ìlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ̀, eré rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà agbára rẹ̀ kéré gan-an, bí ipá tilẹ̀ pọ̀. Nínú àfarawé mi, ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń fún ìlù tó ṣófo nígbà tó ń gba eré kò kọjá 8 A. Jẹnẹrétọ̀ 20 kVA tí wọ́n fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú ti tó o! Ẹ kàn rántí pé díráìfù kì í fa iná bí ìgbì tó gún. Ó ń já a jẹ ní gẹ́gẹ́-gẹ́gẹ́, ìyẹn sì ń mú jẹnẹrétọ̀ gbóná. Ẹ fi ṣókù, ìyẹn kọ́ìlì tó ń mú kí iná tó ń wọlé rọra wọlé, síwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi jẹnẹrétọ̀ sínú àfarawé bí ẹni pé fóltéèjì rẹ̀ kì í wó. Ẹ fi ìdènà sí i lẹ́nu, kí ó lè ṣe bíi jẹnẹrétọ̀ tòótọ́.

Ó kan NẸ́PÀ wàyí. Ní ìrọ̀lẹ́, 320 V ni mo wọ̀n níbẹ̀. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá fóltéèjì nìyẹn, ipá ìyí tó lè jáde sì ti di ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gẹ́ kò mọ̀ pé iná kéré. Rótọ̀ á túbọ̀ fà sẹ́yìn, mọ́tò á fa iná púpọ̀ sí i. Bó bá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tó ń fà, ooru inú kọ́ìlì á fi ìdá 44 lé sí i. Ẹ̀yin tó ń wé kọ́ìlì mọ ìyókù. Ohun tó jó mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, wọ́n sì ti ń bú ẹni tó wé e. Kò jẹ̀bi. Ó wé e dáadáa.

Díráìfù kò lè sọ 320 V di 400 V. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí nọ́ńbà 8 wa: 320 pín sí 8, 40 Hz. Nítorí náà mo ṣètò rẹ̀ kí eré máa bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fóltéèjì. Ní 40 Hz, mọ́tò ṣì ní 50 Nm rẹ̀ pé pérépéré láìgbóná, àfi pé ó ń yí díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin á gba wákàtí márùn-ún. Mo bi àwọn ìyá wọ̀nyẹn bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Wọ́n ní àwọn fara mọ́ ọn ju mọ́tò tó ń jóná lọ.

Nípa dídá ẹ̀rọ dúró, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìlù tó ń yí ní eré kíkún gbé nǹkan bí 6,800 joule lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kí díráìfù dá a dúró lójijì, inú kapásítọ̀ ni agbára yẹn ń padà sí. Kapásítọ̀ bíi 1,000 µF kò lè gbà ju 160 joule lọ kí ó tó ti 566 V dé 800 V. Bẹ́líìtì, béárìn àti mọ́tò á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díráìfù á ti ké gbàjarè tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìlù fúnra rẹ̀ yí dúró. Bí ààbò ọwọ́ èèyàn bá béèrè pé kó dúró kíá, ẹ ra résítọ̀ ìdádúró, tó máa sọ agbára yẹn di ooru.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo padà lọ wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní 12 A lẹ́nu mọ́tò bí wọ́n bá ń ti ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Òṣùwọ̀n mi ní 14. (Ẹ lo òṣùwọ̀n tó ń ka iye tòótọ́ ìgbì tí kò gún, èyí tó kéré lówó máa ń purọ́ lẹ́nu díráìfù.) Mo wá a títí, mo fi ọwọ́ tẹ bẹ́líìtì: ó le bí igi. Ẹni tó so ó ti fà á jù, béárìn ń gbóná. A dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, 14 di 12.5. Mo fi ìdènà bẹ́líìtì kún ìṣirò mi, ìlà kọ̀ǹpútà àti ìlà òṣùwọ̀n sì wá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn lọ.

Fáìlì rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yìí. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹnì kan nínú ẹ̀yin ìyá oní-gààrí, ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà ibí yìí, ẹ sọ fóltéèjì di 300, kí ẹ fi ẹ̀gẹ́ tó há sínú ìlù, kí a jọ wo bóyá ó máa gbéra.